Asofẹ́yẹjẹ Kì í Ṣe Àgbo Àmuṣeré

Níwájú ẹgbẹ́ àwọn alágbo àti ẹlẹ́wé ọmọ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ yìí, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín fi igbá sílẹ̀ fún ọmọ ní Tákíẹ̀ àti ní Ọjà Jagun kó tó lè wá síbí. Ẹ ṣeun. Ọmọ yín ni mí. Apòògùn ni mí, oògùn òyìnbó ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ilé oníṣègùn ni wọ́n bí ìyá mi sí, n kò sì wá síbí láti fi tewé-tegbò ṣẹ̀sín.

Ẹ wo ẹ̀ka tó wà lórí tábìlì yìí. Etí odò ni mo ti gé e láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu. Ẹ wo bí ewé rẹ̀ ṣe jáde: kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì méjì. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yọ lójú kan náà, wọ́n á yí igi ká bí ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá. Bí ẹ bá já ọ̀kan, oje funfun á sun jáde. Òdòdó rẹ̀ nìyí, kékeré, ó funfun ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé hàn nínú rẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, á pupa bí ọsàn tó gbó, ẹyẹ á sì bò ó. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: asofẹ́yẹjẹ, igi tó so fún ẹyẹ jẹ.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Rauvolfia vomitoria. Ará Sweden kan, Adam Afzelius, tó ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone láàárín ọdún 1792 sí 1796, ni orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìdajì kìíní, wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Jámánì ayé àtijọ́. Ìdajì kejì túmọ̀ sí "èyí tó ń múni bì." Ẹ rí i pé igi kan náà ni. Àwọn baba wa wo òkè rẹ̀, wọ́n rí ẹyẹ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kejì wo ohun tó ń ṣe nínú ikùn ènìyàn.

Nígbà tí mo ń gé ẹ̀ka yìí, ọmọ mi tó kéré jù bi mí pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ó ń pani, kí ló dé tí ẹyẹ ń jẹ ẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹyẹ ń gbé ara èso mì, ó ń lọ yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibòmíràn, bí igi náà ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn. Èèpo gbòǹgbò ni agbára igi yìí pọ̀ sí jù. Ẹyẹ kì í wú gbòǹgbò. Àwa là ń wú u, tí à ń bó o, tí à ń sá a, tí à ń rẹ ẹ́ sínú ọtí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa fún yín, torí òun gan-an ló gbé mi dé iwájú yín lónìí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan, Bàbá Oníkajú ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí oko kajú rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Aláwàdà ènìyàn ni. Kò sí ìgbà tí mo kí i tí kì í fi èébú dá mi lóhùn, èébú ìfẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, wọ́n sì fún un ní oògùn oríṣi méjì nílé ìwòsàn kan. Èmi fúnra mi ni mò ń kó o fún un lóṣooṣù láti ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń lò ó déédéé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbé ìgò kan fún un, ó ní ìyẹn ni yóò tán an pátápátá, pé ti òyìnbó kàn ń tì í síwájú ni.

Ó tó bí oṣù méjì, Bàbá yí padà. Imú rẹ̀ ń dí, ẹnu ló fi ń mí lóru. Ó ní oorun ń kun òun lọ́sàn-án gangan. Tó bá dìde lórí àga, á kọ́kọ́ di ògiri mú ná. Lẹ́yìn náà ló wá dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé tí aláwàdà ti dákẹ́, ẹ mọ bí ilé náà ṣe máa ń rí. Ìgbà kajú dé, àwọn ọmọ ń ṣa kajú, kò bèèrè pé kí ni wọ́n rí kó wálé. Lọ́jọ́ kan a bá a ní ẹ̀yìnkùlé, omi ń dà lójú rẹ̀. A ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó ní òun kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ayé ni. Ẹlòmíràn ní ẹni tí wọ́n jọ ń fa ilẹ̀ ló ń bá a jà. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ìgò yẹn bá a lọ, wọ́n sì ń bu ife kékeré kan fún un lálaalẹ́ nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní á jẹ́ kó rí oorun sùn.

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, ó dìde láti lọ tọ̀, kò dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣubú, òpó ìlẹ̀kùn sì bẹ́ ẹ níwájú orí. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ohun tó rí kò dá a lójú, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Dókítà bi í pé, "Bàbá, lẹ́yìn oògùn yìí, kí lẹ tún ń lò?" Bàbá mi orí pé kò sí. Ìyàwó rẹ̀ mi orí. Èmi náà mi orí.

Èmi ni wọ́n rán wálé kí n wá kó aṣọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fa bàtà rẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn, ìgò náà ni ọwọ́ mi kàn. Ìgò ọtí ni, wọ́n ti họ bébà ara rẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò bíi mẹ́fà tó ti dúdú dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọtí náà sì ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo kan ẹ̀kán kan sórí ahọ́n, ó korò débi pé ìkorò náà kò kúrò títí mo fi padà dé ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti tọ́ ọ wò rí nílé bàbá ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, Bàbá kò kú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìgò náà ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó tún bú mi. Lọ́jọ́ tó bú mi yẹn, mo sunkún. Ẹ̀bi wà lọ́rùn mi nínú ọ̀rọ̀ yìí: oṣooṣù ni mò ń gbé oògùn fún un, n kò sì fi ọjọ́ kan bi í pé, "Bàbá, àgbo wo lẹ̀ ń mu?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí igi yìí ń ṣe nínú ara, nítorí bí ẹ bá mọ èyí, gbogbo ìyókù á yé yín.

Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ ní àká kéékèèké, bíi àká àgbàdo. Inú àká yìí ni ó ń kó ohun tó fi ń ránṣẹ́ pamọ́ sí. Ọ̀kan wà tó ń sọ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pé kó fún. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láìgbọ̀n. Òmíràn wà tó ń mú ọkàn yá gágá. Ohun kan wà nínú asofẹ́yẹjẹ tí à ń pè ní reserpine. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn àká pa, kí ọjà kankan má lè wọlé mọ́. Èyí tó wà níta á bàjẹ́, èyí tó wà nínú á tán díẹ̀díẹ̀. Bí ọpọlọ bá wá ránṣẹ́, kò sí ohun tí ìránṣẹ́ máa mú dání.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: òpó ẹ̀jẹ̀ kò rí ẹni sọ fún un pé kó fún. Ìdí náà nìyẹn tí wèrè tó ń já ìlẹ̀kùn fi ń rọlẹ̀. Ìdí náà sì nìyẹn tí Bàbá Oníkajú fi dákẹ́. Irú ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo àká yẹn ní, gbogbo rẹ̀ ló sì ń tì, kò mọ èyí tí ó yẹ kó dá sí.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àká kì í ṣófo lọ́jọ́ kan. Ẹni tó mu ún lónìí lè má rí nǹkan kan lọ́la, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó hàn. Nígbà náà ni ẹni náà á ti sọ pé àgbo yìí kò jẹ́, á fi kún un, á fi kún un. Tó bá sì wá dé tán, kò ṣe é dá padà lójú ẹsẹ̀, torí títún àká kọ́ ń gba àkókò. Ata tó ta ahọ́n, omi lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan rò pé àwa nìkan la mọ igi yìí, àwọn mìíràn rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ rí i. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń lò ó. Ní ọdún 1931, oníṣègùn méjì níbẹ̀, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose, kọ ọ́ jáde pé ó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń rọ wèrè. Ní 1949, Rustom Jal Vakil, oníṣègùn ọkàn ní Bombay, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí gbogbo ayé sì là sí i. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ apòògùn Ciba ní Basel, ní Switzerland, yọ reserpine gan-an jáde nínú gbòǹgbò náà. Ní 1954, Nathan Kline, oníṣègùn ọpọlọ, ròyìn bó ṣe lò ó fún àwọn alárùn ọpọlọ ní New York. Nígbà tí ti Íńdíà sì ń wọ́n, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ adúláwọ̀, pàápàá láti Congo, ni wọ́n yí sí.

Ará Sweden mìíràn wà, Arvid Carlsson, tó fún àwọn ehoro ní reserpine. Etí ehoro wọ̀ sílẹ̀, wọn kò lè dìde. Ó wá fún wọn ní ohun tí ara fi ń ṣe dopamine, ìyẹn ohun inú àká tó ń jẹ́ kí a lè gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láìgbọ̀n, ehoro náà sì dìde. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là sí oògùn àìsàn àgbọ̀nrìrì tó ń mú àwọn àgbàlagbà, tí a mọ̀ sí Parkinson. Wọ́n fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Mo fẹ́ràn ìtàn ehoro yìí gidigidi, nítorí pé nígbà tí mo kà á nílé ẹ̀kọ́, ojú Bàbá Oníkajú kò tíì wà nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá rántí etí ehoro tó wọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni mò ń rí.

Ti ilẹ̀ wa ńkọ́? Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ń fi igi yìí wo wèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Bàbá ìyá mi wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, ní abúlé kan lápá Ìrẹsà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Wọn kì í gbé asofẹ́yẹjẹ fún ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló ń wá bá bàbá àgbà gbé. Ẹni náà á sùn lọ́jọ́ kìíní, á bì, inú á ṣí i, á tún sùn. Láràárọ̀, bàbá àgbà á wọlé tọ̀ ọ́, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, á ní kó jókòó, á bi í pé, "Kí lorúkọ ìyá ẹ?" Bí ìdáhùn náà bá yá, wọ́n á bu oògùn. Bí ó bá pẹ́ kó tó dáhùn, tàbí tí ó bá ń wá orúkọ ìyá rẹ̀ kiri, kò sí oògùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹran ni. Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ní kékeré, mo rò pé ó ń wá ìyá àwọn ènìyàn kiri ni. N kò ní bo ohun kan mọ́lẹ̀: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà nínú ilé náà, mo rí i lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ó sì ń dùn mí títí dòní. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe kọ́ ló dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àràárọ̀ yẹn, òṣùwọ̀n ni. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wọn ìfúnpá ni bàbá àgbà ṣe ń wọn ọpọlọ.

Ohun tó ń bí mi nínú lónìí ni pé a jogún gbòǹgbò, a kò jogún ìṣọ́. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wú u ṣì pọ̀. Ẹni tó ń jókòó ti ẹni tó mu ún, ta ni? A bù ú sínú ike, a tà á fún onímọ́tò tó ń lọ sí Ìlọrin, ó gbé e mì, ó fọ ẹnu, ó wọ mọ́tò. Ta ló máa bi í lórúkọ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá. Reserpine tí wọ́n ṣe sínú hóró fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn lójúmọ́ ni ìdá mẹ́rin mílígírámù kan, ìyẹn 0.25. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lójú, ẹ ka hóró iyọ̀ bíi mẹ́rin sórí èékánná. Gírámù kan ṣoṣo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ gbígbẹ lè ní mílígírámù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Gírámù kan kò sì tó nǹkan, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín. Gbòǹgbò igi kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, bí igi ṣe dàgbà tó àti ilẹ̀ tó ti hù ń yí i padà. Kì í sì í ṣe reserpine nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ajmaline wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun sì ni ó ń fọwọ́ kan bí ọkàn ṣe ń lù.

Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yin alágbo gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i. Ẹ ń rẹ ẹ̀ sínú omi, ẹ ń rẹ ẹ̀ sínú omi ògì kíkan, ẹ sì ń rẹ ẹ̀ sínú ògógóró. Oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ ń ṣe yẹn. Reserpine kì í fẹ́ yọ́ sínú omi lásán. Ọtí líle ń fà á jáde, ohun kíkan náà ń fà á jáde. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún yín pé ife kan ni ìyá òun máa ń mu, ẹ bi í pé inú kí ni ìyá ń rẹ ẹ́ sí? Bí ó bá jẹ́ omi, tí ẹ wá fi ọtí ṣe tiyín, ife kan kò jẹ́ ife kan mọ́. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹni tó mu ti òkè àti ẹni tó mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò mu ohun kan náà. Ẹni tó wá ra èyí tó kẹ́yìn, tí ẹ gbọn ìgò fún kó má bàa rí i pé ẹ rẹ́ òun jẹ, òun lẹ fún ní èyí tó pọ̀ jù. Ọtí fúnra rẹ̀ sì ń kun ènìyàn lóorun, méjèèjì á wá jọ dì mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ lékuléja, ó ti gbẹ, wọ́n ti gé e, ó jọ gbòǹgbò igi mẹ́wàá mìíràn. Ẹ má ra gbòǹgbò tí ẹ kò rí ewé rẹ̀ rí.

Àwọn kan ń fún ọmọ tó ní gìrì. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Òótọ́ ni pé ọmọ náà á dákẹ́, ṣùgbọ́n nínú ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, reserpine ń mú kí gìrì tètè dé ni, kì í lé e lọ. Aboyún náà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ó ń kọjá sára ọmọ inú, wọ́n á bí ọmọ náà tímú rẹ̀ á dí, tí á máa tòògbé, tí kò ní lè mu ọmú. Ọmọ tuntun kò mọ ẹnu fi mí bíi tiwa, imú ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú rí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Bí ẹnikẹ́ni tó ń lò ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn, kí ẹ gbé ìgò náà dání.

Kí n tó jókòó, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìbátan rẹ̀ kan tó wà nínú ọgbà yín. Olómi-òjò, èyí tó ń yọ òdòdó ofeefee bí agogo, tí a fi ń ṣe ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri ìlú yìí, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣeré nígbà tí a wà lọ́mọdé. Inú ẹbí kan náà ni wọ́n wà, oje funfun kan náà ló ń sun. Ti asofẹ́yẹjẹ, a lè máa sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ti olómi-òjò, kò sí ìwọ̀n kankan tí mo lè fọwọ́ sí kí ẹ fi sínú àgbo, ì báà jẹ́ ti ibà, ì báà jẹ́ ti ìyàgbẹ́. Ọkàn ló ń dá dúró. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023 sí 2024, ìjọba ibẹ̀ rí i pé àwọn oògùn kan fún dídín sísanra kù, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ewéko mìíràn, olómi-òjò ló wà nínú wọn. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ máa sá lọ ilé ìwòsàn.

Ìyá kan tó jókòó lápá òsì ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ ń sọ pé ká má tà á mọ́ ni?" Mo ní ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àgbo àjùmọ̀mu, èyí tí ẹ ń bù fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú yín nírọ̀lẹ́, bóyá ti jẹ̀díjẹ̀dí ni tàbí ti ẹ̀yìn ríro. Kò sí ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń sọ pé tí kò bá kun àwọn lóorun, kò jẹ́. Mo ní òótọ́ ni, wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." N kò ní èsì tó dùn fún un. Mo ní bóyá òun ni kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ pinnu lé lórí, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá ṣe rere lá pàdánù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé ẹnì kan ti mu ún jù. Mo ní oorun tí ẹ kò lè fi ìpè jí i, ara tó tutù, ẹyinjú tí dúdú àárín rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọkàn tó ń lù lọ́ra. Ẹ má gbé e dìde dúró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó má bàa fi èébì há ara rẹ̀ lọ́fun, kí ẹ gbé e lọ.

Bàbá kan ní òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun sì ń mu àgbo náà, ṣé kí òun dá oògùn ilé ìwòsàn dúró ni? Mo ní rárá o, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà, ẹ gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní wọ́n á bínú sí òun. Mo ní kó mú mi dání. Nọ́ńbà NAFDAC náà wá sókè, ẹnì kan ní ti òun ní nọ́ńbà. Mo ní kó ka bébà ara rẹ̀ dáadáa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ní òun ń wò wò.

Àwọn ènìyàn ti ń dìde nígbà tí ìyá àkọ́kọ́ yẹn tún sún mọ́ tábìlì. Ó fa ìgò kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní kí n bá òun kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara rẹ̀, nítorí òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Mo ya bébà, mo ń kọ, òun ń pè é fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé orí asofẹ́yẹjẹ. Ó ní kí n dúró. Ó ṣí ìgò, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fa gbòǹgbò mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka tí mo mú wá. Ó ní, "Ó yá, ẹ fo ìyẹn, ẹ máa kọ èyí tó kàn." Mo ní, "Ìyá, ó ti wọ inú ọtí náà ná." Ó wo ìgò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó kún dé ọrùn. Ó gbé e jáde síta láìsọ nǹkan kan, a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń dà á sí gọ́tà.